Lílọ Wo Afárá Omi Tsujun ní Jàpáànì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń tún bi mí lemọ́lemọ́ nípa afárá yìí nìwọ̀nyí. Mo tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé èyí tó takókó.

Kí ni Afárá Tsujun?

Afárá òkúta ni, omi oko ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọn kò kọ́ ọ nítorí èèyàn, wọn kò kọ́ ọ nítorí ẹṣin tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Omi tó ń ti òkè kan bọ̀, tó gbọ́dọ̀ ré àfonífojì kọjá kó tó dé oko ìrẹsì lókè kejì, òun ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ọdún 1854 ni wọ́n parí rẹ̀.

Gígùn rẹ̀ lé ní mítà 75, gíga rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 20, fífẹ̀ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Ojú kan ṣoṣo ló ní: òkúta tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ láti bèbè kan dé ìkejì, fífẹ̀ ojú náà tó nǹkan bíi mítà 28, kò sì sí òpó kankan láàárín odò tó gbé e ró.

Ibo ló wà?

Ìlú Yamato, ní ìpínlẹ̀ Kumamoto, lórí erékùṣù Kyushu ní apá gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Jàpáànì. Ilẹ̀ òkè ni. Òkè Aso tí ń yọ èéfín wà ní àríwá rẹ̀. Àdúgbò ọjà tó súnmọ́ afárá náà jù lọ ń jẹ́ Hamamachi. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, torí òun lẹ máa rí lára bọ́ọ̀sì.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?

Tsujunkyo ni àwọn onílé ń pè é. "Kyo" ni afárá, "tsu" ni kí nǹkan là kọjá, "jun" sì ni kí ọ̀rinrin mú ilẹ̀ rọ̀. Ká ní èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ ní Yorùbá, Afárá Amúlẹ̀rọ̀ ni ǹ bá pè é. Bí ẹ bá ń wá a lórí Google Maps, ẹ tẹ "Tsujunkyo" tán pátá. "Tsujun" nìkan lè gbé yín lọ sí ilé iṣẹ́ ọtí àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ìlú.

Kí ló fà á tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi nílò afárá omi?

Shiraito ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tí à ń wí yìí. Orí òkè ni ó tẹ́jú sí, odò sì yí i ká lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á ní kí ló tún kù. Ohun tó kù ni pé gbogbo odò wọ̀nyẹn ti gbẹ́ ọ̀gbun jíjìn fún ara wọn: omi ń bẹ nísàlẹ̀ pátápátá, oko ń bẹ lókè. Àgbẹ̀ á máa gbọ́ ìró omi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í tó o. Láyé ọjọ́un, wọn kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi fà á gòkè.

Ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi òjò nìkan dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nítorí náà wọ́n lọ já omi láti odò Sasahara, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà sókè, wọ́n gbẹ́ ojú omi fún un gba ẹ̀gbẹ́ òkè wá. Nígbà tó dé etí àfonífojì, ọ̀nà pin. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ afárá sí. Nǹkan bíi hẹ́kítà 100 ni oko tó ń mu omi náà.

Ta ló kọ́ ọ? Ṣé ọba ni?

Rárá o, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó débẹ̀. Olórí àwọn baálẹ̀ agbègbè Yabe ló dá a sílẹ̀. Futa Yasunosuke ni orúkọ rẹ̀; wọ́n bí i ní 1801, ó sì kú ní 1873. Òun ló wá owó, òun ló kó àwọn àgbẹ̀ jọ, òun ló lọ bá àwọn oníṣẹ́ òkúta.

Abúlé kan tó ń jẹ́ Taneyama ni àwọn oníṣẹ́ òkúta náà ti wá. Iṣẹ́ ìdílé ni, bíi ti àwọn agbẹ́gilére wa. Àwọn ará Taneyama yìí náà ló ti kọ́ afárá Reidai, tí kò jìnnà síbẹ̀, ní 1847. Ọ̀kan nínú wọn, Johachi, tó padà ń jẹ́ Hashimoto Kangoro, ni ìjọba ránṣẹ́ pè lẹ́yìn náà wá sí Tokyo pé kó wá fi òkúta kọ́ afárá fún àwọn. Ìparí ọdún 1852 ni iṣẹ́ Tsujun bẹ̀rẹ̀, ó gbà wọ́n tó ogún oṣù.

Wọ́n ń sọ ọ́ nílùú náà pé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dán afárá náà wò, Futa wọ aṣọ funfun, ó fi ọ̀bẹ sí àyà, ó lọ jókòó sórí rẹ̀: bí iṣẹ́ náà bá bàjẹ́, òun kò ní í padà sílé. Iṣẹ́ náà kò bàjẹ́. Lónìí ère rẹ̀ wà lẹ́bàá afárá náà, wọ́n sì kọ́ ojúbọ fún un, ojúbọ Futa. Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un bí èèyàn ẹlẹ́ran ara ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí ìlú fi ń bọ ọ́.

Ṣé owó wà lórí wíwò rẹ̀?

Kò sí, bó bá jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lẹ ti ń wò ó. Pápá wà lẹ́bàá odò tí ẹ ti lè rí gbogbo rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ibi ìsinmi ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé oúnjẹ àti ilé àfihàn kékeré tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀.

Ṣé a nílò físà?

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò rẹ̀, ilé aṣojú Jàpáànì ní Àbújá ló sì ń bójú tó o. Ti àwọn ará wa ní Benin wà ní Kùtọnu. Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà lè wọlé láìsí físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ bó bá jẹ́ ìbẹ̀wò lásán. Bákan náà ni fún àwọn ará Brazil láti 2023.

Báwo la ṣe ń débẹ̀?

Rélùwéè kò dé Yamato. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gba Fukuoka wọlé, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá lọ sí ìlú Kumamoto, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Láti ibùdókọ̀ Sakuramachi ní Kumamoto, bọ́ọ̀sì ń lọ sí Hamamachi, ó sì ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀. Bọ́ọ̀sì náà kò pọ̀ lóòjọ́. Ẹ ya fọ́tò àkókò ìpadàbọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ibùdókọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ yín lórí òkè.

Mọ́tò ló rọrùn jù. Láti 2024 ni òpópónà márosẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ìlú náà, orúkọ afárá yìí gan-an ni wọ́n sì fi sọ ẹnu ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde: Yamato-Tsujunkyo.

Ṣé mo lè wa ọkọ̀ fúnra mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ àdéhùn Geneva ti 1949. Jàpáànì kò gba irú mìíràn nínú ìwé àṣẹ àgbáyé. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní í ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti Èkó tàbí Houston wá gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, pàápàá ní àwọn kọ́nà òkè tó há.

Omi tó ń tú yàà láti ẹ̀gbẹ́ afárá yẹn, ṣé nítorí àlejò ni wọ́n ṣe é?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Omi odò máa ń gbé iyanrìn àti ẹrẹ̀ wá, ibi tó sì ti wọ́lẹ̀ jù nínú páìpù ni ẹrẹ̀ máa ń sùn sí, ìyẹn àárín afárá gan-an. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, páìpù á dí. Nítorí náà ni àwọn tó kọ́ ọ ṣe dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi igi dí. Bí àkókò bá tó, wọ́n á yọ igi náà, omi á fi agbára tú jáde, á sì gbọn gbogbo ẹrẹ̀ dànù sínú odò.

Iṣẹ́ ìfọ̀páìpù ni ohun tí àlejò ń wò yẹn. Omi méjì ń tú ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ń lọ yíká bí ọrun, ó ń balẹ̀ sínú àfonífojì. Bí oòrùn bá ń ràn, ẹ máa rí òṣùmàrè. Ó lẹ́wà púpọ̀, ó sì tún lẹ́wà sí i lójú mi nígbà tí mo mọ ohun tó wà fún.

Ìgbà wo ni wọ́n máa ń tú omi náà?

Láàárín ìgbà ìrúwé sí ìgbà ìwọ́wé, ó máa ń jẹ́ ọjọ́ òpin ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi, ní aago kan ọ̀sán, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀. Ìlú Yamato máa ń gbé àtẹ ọjọ́ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹ wò ó kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì tún un wò ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, torí òjò ńlá tàbí ọ̀dá lè dá a dúró.

Ìgbà kan wà tí wọn kì í tú u: láti nǹkan bí àárín oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n ń lọ́ ìrẹsì sínú oko. Oko ló ni omi nígbà yẹn. Mo ti gbọ́ tí àlejò ń ráhùn lórí èyí, ó sì dùn mí. Bí omi tó yẹ kó dé ìdí ìrẹsì bá di ohun tí a dà nù nítorí fọ́tò, kí ni Futa jókòó sórí òkúta fún?

Ṣé a lè rìn lórí rẹ̀?

Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń gbà á láyè, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n ti ọ̀nà rẹ̀ pa. Ẹ béèrè ní ibi ìsinmi ọlọ́kọ̀ kí ẹ tó gun òkè. Kò sí irin tàbí ògiri kankan létí rẹ̀: òkúta tẹ́jú lọ, ó parí, mítà 20 ló kù sísàlẹ̀. Àárín ni kí ẹ máa rìn. Ẹ di ọmọ lọ́wọ́ mú, ẹ má sì sún sẹ́yìn nítorí fọ́tò. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ló sàn.

Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù?

Èmi á ní oṣù kẹsàn-án. Ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù náà ni ọdún Hassaku, tí wọ́n ti ń ṣe fún ohun tó lé ní igba ọdún. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan á fi ọparun, koríko àti èèpo igi kọ́ ère ràgàjì, wọ́n á wọ́ ọ yí ìlú ká. Ìrẹsì ti ń pọ́n lásìkò yẹn.

Oṣù kẹfà sí àárín oṣù keje ni òjò wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò dà bíi tiwa: òtútù ni, yìnyín sì lè bọ́ lórí òkè.

Ṣé àwọn àgbàlagbà lè lọ?

Wọ́n lè lọ. Láti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí títí dé pápá abẹ́ afárá kò jìnnà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú. Àtẹ̀gùn tó lọ sí òkè ni ó ga. Ìyá tàbí bàbá tí orúnkún ń dà láàmú lè jókòó sí pápá, kò sí ohun tó máa fò ó nínú ìran náà.

Kí la tún lè wò nítòsí?

Bí ẹ bá tẹ̀ lé odò náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ máa dé Gorogataki, níbi tí omi ti ń já ṣòòròṣò láti orí àpáta tó ga tó mítà 50. Ẹni tó bá ti dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà á mọ irú atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ síni lójú níbẹ̀. Ìlú Yamato náà tún ní ilé eré ọmọlangidi ní Seiwa. Àwọn àgbẹ̀ ló ti ń gbé e bọ̀ láti ayé àtijọ́, bí iṣẹ́ oko bá ti dilẹ̀.

Kí la máa jẹ? Ṣé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ béèrè dagojiru: ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n ń se ìyẹ̀fun tí a pò sínú rẹ̀ pẹ̀lú ewébẹ̀. Ata kò sí níbẹ̀, ẹ mú tiyín dání. Ẹ tún ra ìrẹsì agbègbè náà, kí ẹ lè tọ́ ohun tí omi afárá yẹn hù wò.

Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù tó ń túmọ̀ èdè tó. Bí ẹ bá pàdé àgbàlagbà, ẹ tẹríba díẹ̀. Ìyẹn kò nira fún wa.

Báwo ni omi ṣe ń gun òkè láìsí ẹ̀rọ?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Àfonífojì náà jìn ju ohun tí àwọn oníṣẹ́ òkúta ìgbà yẹn lè kọ́ lọ. Nǹkan bíi mítà 20 ni agbára wọn mọ, nítorí náà orí afárá rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ tó wà ní apá méjèèjì lọ. Omi gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àkọ́kọ́, kó gba orí afárá, kó tún gun òkè kejì.

Ẹ ti rí bíríkìlà nígbà tó bá ń wá ojú ìwọ̀n ilé. Á rọ omi sínú rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, á di ẹnu kan mú, ọmọ iṣẹ́ á mú ẹnu kejì lọ sí igun kejì ilé. Ibi yòówù kí àárín rọ́bà náà wọ́lẹ̀ dé, omi ẹnu méjèèjì á dọ́gba. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá rẹ ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, omi á tú sí i lẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Tsujun nìyẹn. Ibi tí omi ń gbà jáde rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ibi tó ń gbà wọlé lọ. Ìwúwo omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń ti èyí tó wà níwájú gòkè.

Iṣẹ́ tó le níbẹ̀ ni pé rọ́bà tiwọn, òkúta ni. Wọ́n gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sínú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta, wọ́n sì fi láìmù tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn àti amọ̀ dí oríkèé wọn. Omi tó ń ti nǹkan gòkè máa ń wá ibi tó là láti yọ jáde, nítorí náà oríkèé kan tó bá jò lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n tún fi páìpù igi sáàárín òkúta níbì kan níbì kan, kó lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mì, ohun tó lè tẹ̀ díẹ̀ á wà níbẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí afárá omi àwọn ará Róòmù?

Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, Pont du Gard ní Faransé, ga tó mítà 49. Nítorí pé ó ga tó bẹ́ẹ̀, omi kàn ń ṣàn lórí rẹ̀ bíi ti gọ́ọ̀tà, ìlú Nîmes ló sì ń gbé e lọ fún. Àwọn ará Róòmù náà mọ ọgbọ́n kí omi wọ́lẹ̀ kó tún gòkè. Páìpù òjé ni wọ́n fi ṣe é ní agbègbè Lyon. Tsujun fi òkúta ṣe é, oko ló sì ń gbé omi tirẹ̀ lọ fún.

Mo gbọ́ pé ilẹ̀ mì, ó bà á jẹ́. Ṣé ó ti padà bọ̀ sípò?

Ó ti bọ̀ sípò. Ìmìtìtì ilẹ̀ ńlá Kumamoto ní oṣù kẹrin 2016 mú kí oríkèé páìpù rẹ̀ máa jò. Wọ́n ṣì ń tún un ṣe nígbà tí òjò ńlá oṣù karùn-ún 2018 wó apá kan ògiri òkúta rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ní 2020 ni omi padà tú fún àwọn èèyàn láti wò.

Ojú afárá gan-an kò wó ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa bí ẹ bá débẹ̀: ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fẹ̀ nísàlẹ̀ bí ìdí yẹ̀rì. Ògiri ààfin Kumamoto ni wọ́n wò ṣe é, kí ìdí lè mú ilẹ̀.

Ipò wo ló wà lójú òfin Jàpáànì?

Láti 1960 ni òfin ti ń dáàbò bò ó. Ní 2023 ìjọba gbé e sí ipò Ìṣúra Orílẹ̀-èdè, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú irú iṣẹ́ bí afárá àti ojú omi tó débẹ̀. Ilé òrìṣà àti ààfin ni wọ́n sábà máa ń fún ní irú ipò bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2014, àjọ àgbáyé tó ń rí sí omi oko ti fi ojú omi Tsujun sínú àkójọ ogún rẹ̀.

Bí mo bá dé tí wọn kò tú omi lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Ẹ má padà sílé. Ẹ kọjá sí òkè kejì, sí Shiraito. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í dé ibẹ̀, mo sì rò pé àṣìṣe ńlá ni. Ojú omi pín sí méjì níbẹ̀, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ń fún oko tó wà lókè lómi. Ohun tó bá ṣẹ́ kù tó ṣàn jáde nínú oko wọ̀nyẹn ni ti ìsàlẹ̀ ń gbà, tó sì tún ń pín fún oko mìíràn.

Bí ẹ bá lọ ní oṣù kẹfà, tí afárá dákẹ́ tí kò tú ẹ̀kán omi kan, ẹ tẹ̀ lé gọ́ọ̀tà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ máa rí i níbi tó ti yà wọ oko, tí àgbẹ̀ fi pákó kékeré dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀ kó má baà pọ̀ jù, àti ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, tó dúró sínú rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀.